Àgbélébùú kún òrùlé ní Kòríà, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ èèyàn ní àwọn ò lẹ́sìn

Ìbéèrè: Ẹni tó bá rìn ní Seoul, olú ìlú Kòríà Gúúsù, lálẹ́ á rí àgbélébùú pupa tó ń tàn yòò lórí òrùlé káàkiri. Kí ló dé tí wọ́n ń sọ pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ará ibẹ̀ ò lẹ́sìn?

Òótọ́ ni méjèèjì. Nígbà tí wọ́n ka àwọn ará Kòríà Gúúsù ní ọdún 2015, ìdá 56 nínú ọgọ́rùn-ún ló ní àwọn ò ṣe ẹ̀sìn kankan. Àwọn Pùròtẹ́sítáńtì sún mọ́ ìdá 20, àwọn ẹlẹ́sìn Búdà lé díẹ̀ ní ìdá 15, àwọn Kátólíìkì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá 8. Ní ti àgbélébùú, ìjọ kéékèèké ló pọ̀ níbẹ̀. Wọ́n á háyà yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á sì gbé àgbélébùú oníná sórí òrùlé. A ò lè fi iná ka èrò.

Ìbéèrè: Ṣé ohun tí wọ́n ń sọ ni pé Ọlọ́run ò sí?

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti ń rú ọ̀pọ̀ lójú. Ohun tí akànìyàn ń bi wọ́n ni pé, “Ṣé ẹ ní ẹ̀sìn?” *Jonggyo* ni wọ́n ń pe ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ tó ti Japan wá ní ìparí ọ̀rúndún 19. Ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn tí wọ́n bá gbọ́ ọ ni ìjọ tó ní olórí, ilé ìsìn àti orúkọ ọmọ ìjọ nínú ìwé. Ẹni tí kò bá sí nínú ìjọ kankan á ní òun ò ní, kò sì purọ́.

Ẹ wá tẹ̀lé ẹni náà délé lọ́jọ́ ọdún Chuseok. Wọ́n á tẹ́ tábìlì *jesa* fún àwọn baba ńlá: ìrẹsì, ẹja, èso, ọtí, oúnjẹ kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀. Wọ́n á bu ọtí fún òkú, wọ́n á wólẹ̀ tàgbà tèwe, lẹ́yìn náà ni wọ́n á jókòó jẹ ẹ́. Ẹ bi wọ́n bóyá ẹ̀sìn ni, wọ́n á ní rárá, ojúṣe ọmọ sí òbí ni. Yorùbá tó bá mọ ohun tó ń jẹ́ orò ilé ò nílò àlàyé kejì.

Bó bá ku díẹ̀ kí ọmọ jókòó ìdánwò àtiwọ yunifásítì ní oṣù Kọkànlá, àwọn ìyá máa ń gun òkè Palgong nítòsí Daegu lọ bá ère Búdà Gatbawi, tó dé òkúta pẹrẹsẹ bíi fìlà. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá tọ̀ ọ́ tọkàntọkàn á rí ẹ̀bẹ̀ kan gbà. Àwọn mìíràn á tọ *mudang* lọ, ìyẹn aríran tí ẹ̀mí máa ń gùn (ẹni tó bá ń wo fíìmù Kòríà á ti rí wọn). Kò sí èyí tí ìwé ìkànìyàn kà mọ́ ẹ̀sìn nínú wọn.

N ò ní kí ẹ rò pé gbogbo wọn ló ń bọ nǹkan ní kọ̀rọ̀ o. Àwọn tí kò bìkítà rárá wà, wọ́n sì pọ̀.

Ìbéèrè: Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ibẹ̀ ńkọ́, ṣé wọ́n ń ṣe jesa?

Ẹ̀jẹ̀ ti ṣàn lórí ìyẹn. Ọdún 1784 ni Yi Seung-hun, ọmọ Kòríà kan, ṣe ìrìbọmi ní Beijing, tó sì gbé ẹ̀sìn Kátólíìkì wálé. Nígbà tó di 1791, ìjọba Joseon, tó ń ṣàkóso Kòríà nígbà náà, pa Yun Ji-chung tó jẹ́ Kátólíìkì, nítorí pé ó dáná sun pátákó orúkọ àwọn baba ńlá rẹ̀, kò sì ṣe jesa fún ìyá rẹ̀ tó kú. Ọdún 1939 ni Róòmù tó ní àṣà lásán ni, kí àwọn Kátólíìkì máa ṣe é. Ọ̀pọ̀ Pùròtẹ́sítáńtì ṣì kọ̀ ọ́. Àdúrà ìrántí ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ àkọ́bí ọkùnrin, tó jẹ́ pé òun ló yẹ kó ṣáájú wọn nídìí tábìlì, ìjà ẹbí dé nìyẹn.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń lé àwọn ọ̀dọ́ kúrò nínú ìjọ?

Nínú ìwádìí tí Gallup Korea, iléeṣẹ́ tó ń wádìí èrò aráàlú, ṣe ní 2021, àwọn tó wà ní ogún ọdún sókè díẹ̀ tó ní ẹ̀sìn ò ju ìdá 22 lọ. Ìwé kíkà àti iṣẹ́ ò jẹ́ kí wọ́n ráyè. Ọ̀rọ̀ owó náà wà ńbẹ̀: ọdún 2014 ni ilé ẹjọ́ dá David Yonggi Cho, olùdásílẹ̀ ìjọ ńlá Yoido, lẹ́bi lórí owó ìjọ. Lójú tèmi, irú èyí ń lé èèyàn ju ìwàásù aláìgbàgbọ́ èyíkéyìí lọ.

Ìbéèrè: Kòríà Àríwá ńkọ́?

Ẹni tí wọ́n bá ká Bíbélì mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀ wọ gàù. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, Pyongyang, olú ìlú ibẹ̀, ni ìsọjí ńlá àwọn Kìrìsìtẹ́nì ti bẹ́ sílẹ̀ ní 1907, débi tí wọ́n fi ń pè é ní Jerúsálẹ́mù Ìlà Oòrùn. Ọ̀pọ̀ onígbàgbọ́ ibẹ̀ sá lọ sí gúúsù kí ogun 1950 tó parí. Ìyá Kim Il-sung, olórí àkọ́kọ́ Kòríà Àríwá gan-an, ọmọ ìjọ Presbyterian ni.