Ìwé Halo àti géèmù Halo: èwo ni ká gbà gbọ́?

Mo ti ṣe Halo kìíní dé ìkẹta tán, síbẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ mi ń sọ nǹkan nípa Master Chief, ọmọ ogun tó jẹ́ akọni géèmù náà, tí mi ò rí nínú géèmù. Níbo ni wọ́n ti rí i?

Inú ìwé ni. Eric Nylund ló kọ *The Fall of Reach*, ó sì jáde ní oṣù kẹwàá 2001, bí ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú géèmù àkọ́kọ́ tí iléeṣẹ́ Bungie ṣe fún Xbox, ẹ̀rọ géèmù. Nínú géèmù yẹn, ọmọ ogun tó dé àṣíborí lẹ máa rí. Ẹ ò ní rójú ẹ̀, oyè nìkan ni wọ́n sì fi ń pè é. Ìwé ló jẹ́ ká mọ̀ pé John lorúkọ ẹ̀, pé ọmọ ọdún 6 ni nígbà tí Dókítà Catherine Halsey, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó ń sọ ọmọdé di ọmọ ogun, ní kí wọ́n lọ jí i gbé, òun àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀, 75 lápapọ̀. Wọ́n fi ẹ̀dà àwọn ọmọ náà tí wọ́n fi sáyẹ́ǹsì ṣe rọ́pò wọn nílé káwọn òbí má bàa fura, àwọn ẹ̀dà ọ̀hún ò sì pẹ́ kú. Bàbá àti ìyá ń sunkún lórí sàréè, ọmọ wọn sì wà láàyè ní bárékè. Látìgbà tí mo ti ka ibẹ̀, ojú ọmọdé ni mo ń rí lábẹ́ àṣíborí yẹn.

Ṣé lóòótọ́ ni pé ìwé máa ń tú àṣírí géèmù tó ń bọ̀?

Ó máa ń gbin irúgbìn. Ẹ wo ti owó ẹyọ. Halsey bá John ní pápá ìṣeré iléèwé, ó ta owó ẹyọ kan sókè, ó ní kó sọ ẹ̀gbẹ́ tó máa wà lókè. Ọmọ náà tẹjú mọ́ ọn bó ṣe ń yí bírí bírí, ó ní, “Idì.” Halsey ṣíwọ́, idì ló wà níbẹ̀ lóòótọ́. Nígbà tí Halo 3 dé ní 2007, Cortana, ọpọlọ kọ̀ǹpútà tó máa ń bá Master Chief sọ̀rọ̀, ṣí géèmù náà pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé nǹkan kan wà lára Master Chief tí kò sí lára àwọn tó kù: oríire. Àríyànjiyàn wa ò tíì tán lórí ìyẹn. Témi ni pé ojú ọmọ náà ló mú bí abẹ, ó rí owó yẹn kó tó balẹ̀.

Bákan náà ni ti Kelly, Linda àti Fred, tí wọ́n jọ dàgbà pẹ̀lú John nínú ìwé 2001. Halo 5, ní 2015, ló wá kó wọn jọ sẹ́yìn ẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Blue Team. Ọdún 14 làwọn tó kàwé fi dúró!

Tí ìwé àti géèmù bá wá ta kora ńkọ́?

Géèmù ló máa ń borí. Nínú ìwé, ọjọ́ kan ṣoṣo, 30 oṣù kẹjọ 2552, ni Reach, pílánẹ́ẹ̀tì táwọn ọmọ ogun wọ̀nyí ń gbé, ṣubú sọ́wọ́ ọ̀tá, ojú òfuurufú sì ni ọkọ̀ Pillar of Autumn wà. Nínú géèmù Halo: Reach (2010), láti 24 oṣù keje logun ti bẹ̀rẹ̀, orí ilẹ̀ sì lọkọ̀ náà ti gbéra. Ó dùn wá gan-an. Lọ́dún yẹn kan náà ni wọ́n tún ìwé náà tẹ̀, wọ́n sì tún àwọn ibì kan ṣe.

Ṣé gbogbo irú ìwé báyìí ló ṣeé gbára lé?

Rárá o. Nígbà tí *Mass Effect: Deception*, ìwé lórí géèmù míì tó ń jẹ́ Mass Effect, jáde ní 2012, àwọn olólùfẹ́ géèmù náà to àṣìṣe inú ẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ títí BioWare, iléeṣẹ́ tó ṣe géèmù náà, fi ṣèlérí àtúnṣe. Ẹ máa wo ẹni tó kọ ọ́. Drew Karpyshyn tó kọ *Revelation*, ìwé Mass Effect àkọ́kọ́, ló ṣáájú àwọn tó kọ ìtàn géèmù náà fúnra ẹ̀.

Èwo ni kí n fi bẹ̀rẹ̀?

*The Fall of Reach*. Ìbẹ̀rẹ̀ ìwé náà ni owó ẹyọ yẹn wà. Tẹ́ ẹ bá ti kà á tán, ẹ tan Halo 3, kẹ́ ẹ tún gbọ́ ohun tí Cortana sọ.