Iṣẹ́ abẹ fún wíwú aọ́tà inú ikùn

Iṣẹ́ abẹ fún wíwú aọ́tà inú ikùn ni èyí tí wọ́n fi ń tún ibi tó ti wú ṣe lára aọ́tà, òpó ẹ̀jẹ̀ tó tóbi jù lọ lára ènìyàn, kí ó má baà bẹ́. Aọ́tà ikùn àgbàlagbà sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2. Bí ó bá ti tó 3, ó ti wú nìyẹn. Sìgá mímu, ọjọ́ orí tó ti kọjá 65, ẹ̀jẹ̀ ríru àti àrùn náà nínú ìdílé ló ń dá kún un, ó sì wọ́pọ̀ lára ọkùnrin ju obìnrin lọ.

Kì í sábà fi ara hàn. Bí ẹ̀yìn bá tilẹ̀ ń dunni, ó rọrùn fún ará Ilé-Ifẹ̀ tàbí Iléṣà láti pè é ní jẹ̀díjẹ̀dí tàbí làkúrègbé, kí ó sì máa mu àgbo sí i. Síkáànì ikùn ló ń fi ìtóbi rẹ̀ hàn. Ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tó ní ẹ̀ka ní Ilé-Ifẹ̀ àti ní ilé ìwòsàn Wesley Guild ní Iléṣà, ni wọ́n máa ń darí àwọn tí àìsàn wọn le lágbègbè náà sí. Bí wíwú náà bá tó sẹ̀ǹtímítà 5.5 lára ọkùnrin, tàbí 5 lára obìnrin, tàbí tó ń yára dàgbà, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ti dé nìyẹn.

Ní 1951, ní Paris, Charles Dubost gé irú ibi wíwú bẹ́ẹ̀ kúrò, ó sì fi òpó ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n yọ lára òkú rọ́pò rẹ̀. Lóde òní, ọ̀pá aláṣọ tí a ń pè ní Dacron ni wọ́n ń lò. Dókítà á la ikùn, á fi èmú dí aọ́tà lókè àti nísàlẹ̀, á la ibi tó wú, á kó ẹ̀jẹ̀ dídì inú rẹ̀ kúrò, á rán Dacron sí i, lẹ́yìn náà ni yóò fi awọ aọ́tà àtijọ́ bo ọ̀pá náà kí ó má baà fara kan ìfun.

Èmú yìí gan-an ni orísun ọ̀pọ̀ ewu. Nígbà tó bá wà níbẹ̀, agbára ni ọkàn fi ń ti ẹ̀jẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá tú u, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lè já wálẹ̀ lójijì. Ọkàn lè dáṣẹ́ sílẹ̀, kídìnrín lè kọṣẹ́, ẹ̀jẹ̀ dídì sì lè lọ dí iṣan ẹsẹ̀. Apá òsì ìfun ńlá lè kú bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dé ibẹ̀ tó, ìdí nìyẹn tí ìgbẹ́ ẹlẹ́jẹ̀ láàárín ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ fi jẹ́ àmì tí a kì í fojú fò. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì rọ kò wọ́pọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, ìfun lè yọ gba ojú àpá, kòkòrò àrùn lè wọ Dacron, tàbí kí ọ̀pá náà dá ihò sí ìfun, tí aláìsàn á sì máa bì ẹ̀jẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni èyí tí Juan Parodi ṣe ní Buenos Aires ní 1990: wọ́n ń ti ọ̀pá tó ní wáyà gba inú iṣan itan lọ sínú aọ́tà, láì la ikùn. Ikú ní oṣù àkọ́kọ́ kéré níbẹ̀ ju ti ikùn lílà lọ, ṣùgbọ́n àǹfààní yìí ń dínkù bí ọdún ti ń gorí ọdún, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ lè máa jò sí ẹ̀yìn ọ̀pá náà tàbí kí ọ̀pá yẹ̀ kúrò nípò. Aláìsàn gbọ́dọ̀ máa padà wá ya síkáànì títí ayé, èyí tó mú kí ikùn lílà ṣì dára jù fún ẹni tí ara rẹ̀ le, tí ọ̀nà ilé ìwòsàn sì jìn sí.