Ìwé-ẹ̀rí cloud kò lè rọ́pò kọ́ọ̀sì operating system àti networking

Ọ̀rọ̀ kan ti gbilẹ̀ láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà láti Akoka dé Yaba, títí dé Ojo: pé ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ cloud, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń yáni lò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò ní ohun tó fẹ́ fi kọ́ọ̀sì operating system (ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà) àti networking (bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀) ṣe. Wọ́n ní àwọn kọ́ọ̀sì yẹn ti gbó, pé nítorí máàkì nìkan ni wọ́n ṣe wà. Wọ́n ní kí ènìyàn fi ọ̀sẹ̀ mẹ́fà wo fídíò, kó san 100 dọ́là fún ìdánwò Cloud Practitioner ti Amazon, kó dáhùn ìbéèrè 65 láàárín ìṣẹ́jú 90, ó parí.

Ìdánwò náà kò burú. Ohun tó ń wò ni bóyá ẹ mọ orúkọ àwọn nǹkan tí Amazon ń tà, iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe, àti bí wọ́n ṣe ń gba owó lé wọn. Kò ní kí ẹ tún ohunkóhun tó bàjẹ́ ṣe. Iṣẹ́ cloud sì rèé, wíwá ìdí tí nǹkan fi bàjẹ́ ló ń gba àkókò jù níbẹ̀, inú àwọn kọ́ọ̀sì tí wọ́n ní ó ti gbó yẹn sì ni ìdí ọ̀hún wà.

Orúkọ ló kọ́kọ́ ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà. Wọ́n pè é ní cloud, ìyẹn ìkùukùu, ojú gbogbo ayé wá lọ sókè. Kò sí nǹkan kan lókè. Ilé ni, ilé tó ní ògiri, jẹnẹrétọ̀, bátìrì àti ẹ̀rọ amúlétutù, tí wọ́n to kọ̀ǹpútà jọ sínú férémù irin láti ilẹ̀ dé òkè. Irú rẹ̀ wà ní Oregun, ó wà ní Lekki. Ti Microsoft ti wà ní Johannesburg láti 2019, ti Google dé ìlú kan náà ní 2024, ti Amazon sì wà ní Cape Town láti 2020. Abẹ́ òkun ni wáyà tó ń so wa pọ̀ mọ́ ibẹ̀ gbà. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, nígbà tí wáyà abẹ́ òkun mẹ́rin, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, bàjẹ́ nítòsí Abidjan, app báńkì bẹ̀rẹ̀ sí í kọṣẹ́ l'Ékòó.

Nítorí pé wáyà ni, ó ní gígùn, gígùn yẹn sì ní iye tó ń náni. Ìmọ́lẹ̀ inú wáyà ń rin nǹkan bí 200,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. London jìn sí Èkó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà. Àlọ àti àbọ̀ di 10,000, ìyẹn 50 millisecond (ẹgbẹ̀rún kan rẹ̀ ló jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá kan) bí wáyà bá tọ́ gbọọrọ, bẹ́ẹ̀ sì rèé kì í tọ́. Ẹ wá ronú sí app kan tí wọ́n gbé sí Èkó, tí database rẹ̀, ibi tó ń kó dátà pamọ́ sí, wà ní London, tó ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ database nígbà 40, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, kí ojú-ìwé kan ṣoṣo tó ṣí. Ìṣẹ́jú-àáyá méjì ti lọ sórí ìrìn nìkan. Àwọn kan á lọ ra server (kọ̀ǹpútà tó gbé app) tó tóbi sí i, ojú-ìwé náà kò sì ní yára ju bó ṣe wà lọ. Ohun tó yẹ ni kí app àti database máa gbé ibì kan náà, tàbí kí wọ́n kó ìbéèrè 40 náà pọ̀ di ọ̀kan tàbí méjì.

Nínú ilé tí mo wí yẹn, kọ̀ǹpútà kan lè jẹ́ ti ogún ènìyàn lẹ́ẹ̀kan náà. Bíi ilé alágbàlá ní Mushin tàbí Ebute Metta ni, tí onílé pín sí yàrá méjìlá: òrùlé kan, kànga kan, ṣùgbọ́n oníkálukú ní kọ́kọ́rọ́ yàrá tirẹ̀. Ètò tí wọ́n ń pè ní hypervisor ló ń ṣe ìpín náà. Hypervisor Xen, tó ti Yunifásítì Cambridge jáde ní 2003, ni Amazon fi bẹ̀rẹ̀ EC2, ibi tó ti ń yá ènìyàn ní server, ní 2006. Ní 2007 ni hypervisor mìíràn, KVM, wọ inú Linux, operating system tí ọ̀pọ̀ server ń lò. Ohun tí wọ́n ń pín ni àsìkò CPU (ọpọlọ kọ̀ǹpútà), mẹ́mọ́rì àti dísìkì, ohun tí olùkọ́ operating system sì ń fi gbogbo sémẹ́sítà ṣàlàyé nìyẹn.

Ẹ wo t2.micro, server kékeré ti Amazon tí ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ti fi bẹ̀rẹ̀. Ó lè yára láàárọ̀, kó di ọ̀sán kó máa wọ́ bí ìgbín. Ìdí ni pé 10% CPU kan ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ títí lọ. Nígbà tí iṣẹ́ kò bá pọ̀, ó ń tọ́jú kírẹ́díìtì, mẹ́fà ní wákàtí kan, kírẹ́díìtì kan sì jẹ́ ìṣẹ́jú kan tó lè fi lo CPU náà tán. Bí wọ́n bá ti tán, a padà sí 10% nìyẹn. Mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 1 GB péré. Ẹni tó bá kó MySQL (irú database kan), app àti npm (ètò tó ń kó àwọn kóòdù tí app nílò wá) sórí rẹ̀ pọ̀ á kàn rí i pé database kú lójijì. Bó bá tún un tàn, ó lè jí fún wákàtí kan, á tún kú. Kí ó tẹ àṣẹ dmesg, tó ń fi àkọsílẹ̀ Linux hàn, yóò rí i níbẹ̀ pé Linux fúnra rẹ̀ ló pa á nítorí mẹ́mọ́rì tó tán. Ẹni tó ń jẹ mẹ́mọ́rì jù ló sábà máa ń kọ́kọ́ pa. Swap, ìyẹn àyè 1 tàbí 2 GB lórí dísìkì tí Linux ń lò bíi mẹ́mọ́rì, máa ń gbà á là, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní yára.

Ibi tó ń dùn wá jù ni ọ̀rọ̀ méjì tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kà bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n: "connection timed out" àti "connection refused". Ẹni tó kan géètì, tí ẹnikẹ́ni kò dá a lóhùn, yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n dá lóhùn pé ẹni tó ń wá kò sí nílé. Timed out ni àkọ́kọ́: wọ́n dá ohun tí ẹ rán nù lọ́nà ni. Ẹ wò ó bóyá security group (ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà server) kò ṣí port yẹn, ìyẹn ilẹ̀kùn oní-nọ́ńbà tí app ń gbà gbọ́ ọ̀rọ̀, bóyá route table (àkọsílẹ̀ ọ̀nà) kò ní ọ̀nà sí internet gateway, ẹnu ọ̀nà sí íńtánẹ́ẹ̀tì, bóyá server náà kò ní àdírẹ́sì ìta. Refused ni èkejì: ẹ ti dé ọ̀dọ̀ kọ̀ǹpútà náà, òun fúnra rẹ̀ ló ní kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ní port yẹn. Ẹ fi security group sílẹ̀, ẹ wọlé, kí ẹ tẹ àṣẹ ss -tlnp, tó ń fi àwọn port tí wọ́n ń gbọ́ hàn. Bí app bá wà ní 127.0.0.1:3000, ara rẹ̀ nìkan ló ń dá lóhùn. Ẹ yí i sí 0.0.0.0, kó lè máa gbọ́ lórí gbogbo àdírẹ́sì kọ̀ǹpútà náà. Bí kò bá sí níbẹ̀ rárá, kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹni tí kò mọ ìyàtọ̀ yìí á bínú ṣí gbogbo port fún gbogbo ayé, títí kan 3306 ti MySQL, kò sì ní pẹ́ tí àwọn ẹ̀rọ tó ń wá ilẹ̀kùn ṣíṣí kiri yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbìyànjú ọ̀rọ̀ aṣínà lórí rẹ̀.

Ìṣirò àdírẹ́sì náà kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀. Subnet ni ìpín kan nínú nẹ́tíwọ́ọ̀kì, nọ́ńbà ẹ̀yìn / ló sì ń sọ bó ṣe tóbi tó. /24 jẹ́ àdírẹ́sì 256, ṣùgbọ́n Amazon ń mú márùn-ún nínú subnet kọ̀ọ̀kan, ó ku 251. /28 jẹ́ 16, ó ku 11. Ẹ kò lè fẹ subnet lẹ́yìn tí ẹ bá ti dá a sílẹ̀. Bí ẹgbẹ́ méjì nínú iṣẹ́ àṣekágbá bá sì mú 10.0.0.0/16 kan náà, VPC wọn, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì àdáni wọn nínú cloud, kò ní lè so pọ̀ tààrà nípasẹ̀ peering, àfi kí ọ̀kan tú tirẹ̀ ká.

Ní ti owó, NAT gateway, ọ̀nà tí server tí kò ní àdírẹ́sì ìta ń gbà jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì, ló sábà máa ń já ọ̀pọ̀ láyà: 0.045 dọ́là ní wákàtí kan ní ẹ̀ka Virginia, ó lé ní 32 dọ́là lóṣù, bí nǹkan kan kò tilẹ̀ gba inú rẹ̀ kọjá. Láti oṣù kejì 2024, Amazon ń gba 0.005 dọ́là ní wákàtí kan lórí àdírẹ́sì IPv4 ìta kọ̀ọ̀kan. Ẹ pa méjèèjì rẹ́ lọ́jọ́ tí ẹ bá lò wọ́n tán.

Láti 2023 ni àwọn yunifásítì ti ń lo CCMAS, ìlànà ẹ̀kọ́ ti NUC, àjọ tó ń rí sí yunifásítì ní Nàìjíríà, tí NUC ti la 70% rẹ̀ sílẹ̀, tí yunifásítì sì ń yan 30% fúnra wọn. Nítorí náà, ibi tí kọ́ọ̀sì cloud bọ́ sí lè yàtọ̀ láti ilé-ìwé kan sí èkejì. Ẹ wo ìwé ìlànà ẹ̀ka yín. Ẹ má dúró dè é. Láptọ́ọ̀pù 8 GB tó. Ẹ fi VirtualBox, hypervisor orí láptọ́ọ̀pù, dá Ubuntu Server (irú Linux kan) méjì sílẹ̀, 2 GB fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, app lórí ọ̀kan, database lórí èkejì. Ẹ ti port pa, ẹ wo ohun tó sọ. Ẹ pa app, ẹ tún wò ó. Ẹ dín mẹ́mọ́rì database kù sí 512 MB, kí ẹ fi iṣẹ́ púpọ̀ lé e lórí títí yóò fi kú, kí ẹ wá ka dmesg. Kò ná yín ní kọ́bọ̀, àfi iná.

Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ tó lọ gba Azure for Students ti cloud Microsoft, tó ń fún akẹ́kọ̀ọ́ ní 100 dọ́là fún oṣù 12 láìbéèrè káàdì báńkì. Email ilé-ìwé ni wọ́n fi ń mọ akẹ́kọ̀ọ́, nítorí náà ẹ tètè gba tiyín lọ́wọ́ ẹ̀ka ICT. Ọjọ́ tí ẹ bá forúkọ sílẹ̀ ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í ka oṣù 12 náà, yálà ẹ lò ó tàbí ẹ kò lò ó.