Kí ló dé tí ẹni tó gbé atẹ́gùn sẹ́yìn kò gbọdọ̀ di èémí mú? Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí mímòòkùn

Ìbéèrè: Àwọn tó ń wa iyanrìn nínú ọ̀sà ní Ìkòròdú máa ń di èémí mú, wọ́n á gba àkàbà wọ omi lọ, wọ́n á bu iyanrìn kún bọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n á sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹni tó gbé sìlíńdà atẹ́gùn sẹ́yìn ni wọ́n wá ń kìlọ̀ fún pé kò gbọdọ̀ di èémí mú. Ṣé kì í ṣe òun ló yẹ kí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ jù?

Ibi tí kálukú ti mí atẹ́gùn tó wà láyà rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Lórí ilẹ̀, afẹ́fẹ́ ń tẹ̀ wá ní ìwọ̀n kan. Bí èèyàn bá rì tó mítà 10, omi á fi irú ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ kan kún un. Ní mítà 5, ìwọ̀n kan ààbọ̀ ló wà lára onítọ̀hún. Atẹ́gùn kì í sì í bá omi du àyè: bí omi bá tẹ̀ ẹ́, á sún kì, bí ó bá dẹwọ́, á tún fẹ̀.

Ẹni tó ń wa iyanrìn fa atẹ́gùn bíi lítà 6 sínú lókè. Ní mítà 5, omi ti tẹ̀ ẹ́ di lítà 4. Bó ṣe ń gòkè bọ̀, ó ń fẹ̀ padà sí lítà 6 tó gbé wọlé, kò lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Onísìlíńdà wà ní mítà 5 kan náà, àmọ́ ibẹ̀ ló ti mí. Rẹ́gúlétọ̀ ẹnu rẹ̀ ń fún un ní atẹ́gùn tó ki bí omi ṣe ń tẹ̀ ẹ́, nítorí náà lítà 6 gidi ló wà nínú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún. Bó bá pa ẹnu dé tó gòkè, lítà 6 yẹn á fẹ́ di 9. Àyà ta ló fẹ́ gba 9? Ẹ̀dọ̀fóró á ya, atẹ́gùn á wọnú ẹ̀jẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á sì gbé e lọ sí ọpọlọ.

Kò dìgbà tí omi bá jìn. Mítà kan lé díẹ̀ ti tó láti ṣe ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ kún dẹ́nu léṣe. Ìdí nìyí tí òfin àkọ́kọ́ fi jẹ́ pé kí ẹ máa mí lọ. Bí rẹ́gúlétọ̀ bá bọ́ lẹ́nu yín, ẹ máa fẹ́ èémí síta díẹ̀díẹ̀ títí ẹ ó fi rí i fi padà sẹ́nu.

Ẹni tó bá jáde tí apá tàbí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kú, tó ń sọ kántankàntan tàbí tó ń wúkọ́ ẹ̀jẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ gbalaja, ẹ fún un ní ọ́síjìn, kí ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má dá a padà sínú omi rárá.

Ìbéèrè: Ṣé mi ò kàn lè lo ọ̀pá ròbà gígùn tí ẹnu rẹ̀ wà lókè omi?

Rárá. Ní mítà kan péré, omi ti ń tẹ àyà débi pé agbára káká lẹ ó fi fa afẹ́fẹ́ lásán láti òkè. Ẹni tó bá gbìyànjú mítà méjì kò ní rí nǹkan fà sínú. Rẹ́gúlétọ̀ tí amòòkùn Jacques Cousteau àti onímọ̀ ẹ̀rọ Émile Gagnan ṣe ní ilẹ̀ Faransé lọ́dún 1943 ló tú ìdè yẹn.

Ìbéèrè: Kọ̀mpúrẹ́sọ̀ fọkanáísà ńkọ́? Ó kúkú ń ti afẹ́fẹ́ wọlé tipátipá.

A mọ̀ pé àwọn kan ń so ọ̀pá mọ́ ọn, wọ́n sì ń mí bẹ́ẹ̀. Ewu ni. Ọ́ìlì inú ẹ̀rọ náà ń bá atẹ́gùn jáde, ẹ̀dọ̀fóró kò sì mọ ohun tó máa fi ọ́ìlì ṣe. Èyí tó burú jù ni kí ẹnu tó ń fa afẹ́fẹ́ wà nítòsí sàléńsà ẹ́ńjìnnì. Gáàsì tó ń wá látinú jẹnẹrétọ̀ tó ń pa èèyàn lóru kò ní òórùn. Ó ń gbapò ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀, bí omi bá sì ṣe ń jìn sí i ni ìwọ̀nba tí ẹ bá mí ń pọ̀ sí i lágbára. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kún sìlíńdà ní asẹ́ tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, ó sì ń tì í dé bíi 200 bar (bar kan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìwọ̀n tí afẹ́fẹ́ fi ń tẹ̀ wá lórí ilẹ̀). Ti fọkanáísà kì í sábà kọjá 10.

Ìbéèrè: Báwo ni sìlíńdà kan ṣe ń pẹ́ tó?

Sìlíńdà lítà 12 tó kún dé 200 bar ní lítà 2,400 nínú. Ẹ fi 50 bar sílẹ̀ fún àbọ̀. Ó ku 1,800. Ẹni tí ara rẹ̀ balẹ̀ ń mí bíi lítà 20 ní ìṣẹ́jú kan lókè, ìyẹn 40 ní mítà 10. Nǹkan bí ìṣẹ́jú 45 nìyẹn. Ẹni tí àyà ń já lè lò ó tán láàárín ìdajì àkókò yẹn. Ẹ má gòkè ju mítà 9 lọ ní ìṣẹ́jú kan, kí ẹ sì dúró ìṣẹ́jú 3 ní mítà 5.

Ìbéèrè: Omi ọ̀sà lọ́ wọ́ọ́rọ́. Kí ló wá ń mú àwọn amòòkùn gbọ̀n?

Ara wa wà ní 37°C. Omi 28°C rẹlẹ̀ sí i, omi sì ń fa ooru kúrò lára ní bíi ìlọ́po 25 ju afẹ́fẹ́ lọ. Kò ní dun yín ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́; lẹ́yìn wákàtí méjì, ètè á bẹ̀rẹ̀ sí gbọ̀n. Aṣọ ròbà mìlímítà 3 ti tó fún ọ̀sà wa.

Ògógóró kò ràn án o. Ó ń ṣí iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ, ara á dà bí ẹni pé ó gbóná, ooru inú sì ń sá jáde. Tíì tó gbóná àti aṣọ gbígbẹ ló ń ṣiṣẹ́.

Ìbéèrè: Ọmọ wa tó lọ mòòkùn ní ilẹ̀ òtútù ní rẹ́gúlétọ̀ òun ń da atẹ́gùn síta ṣááá, kò sì dáwọ́ dúró. Ṣé ó bàjẹ́ ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ yìnyín ló dì í. Ẹ fọwọ́ kan ẹnu táyà nígbà tí fọkanáísà bá ń tú afẹ́fẹ́ rẹ̀ sílẹ̀: tútù ni. Atẹ́gùn tó bá ti inú 200 bar bọ́ sí bíi 10 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo máa ń tutù gan-an. Nínú ọ̀sà, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń yọ́ ọ. Bí omi bá ti rẹlẹ̀ ju 10°C lọ, yìnyín lè dì mọ́ fáàfù inú rẹ̀, fáàfù á há ní ṣíṣí, sìlíńdà á sì gbẹ láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan. Ní Silfra, pàlàpálá àpáta olómi kan ní Iceland, níbi tí omi ti wà láàárín 2 sí 4°C látọdún dọ́dún, wọn kì í fi irú rẹ́gúlétọ̀ tó wù wọ́n wọlé.

Kó lo èyí tí wọ́n ṣe fún omi tútù. Kó má mí nínú rẹ̀ lórí ilẹ̀ nínú òtútù kó tó wọlé, torí ọ̀rinrin ẹnu ló ń di yìnyín níbẹ̀. Kó má tẹ bọ́tìnì ìtúfẹ́fẹ́ jù, kó má sì máa fẹ́ atẹ́gùn sínú aṣọ ìmòòkùn rẹ̀ nígbà tó bá ń mí sínú. Bó bá ti ń da atẹ́gùn, kó jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù máa gba ẹ̀gbẹ́ ẹnu jáde, kó máa fà díẹ̀ mí, kó bọ́ sí rẹ́gúlétọ̀ kejì tó ní orísun tirẹ̀, kí ẹnìkejì rẹ̀ pa fáàfù tó ń ṣòfò, kí wọ́n sì jọ gòkè jẹ́jẹ́.

Irú omi bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ aṣọ tí omi kì í wọ̀, pẹ̀lú aṣọ onírun lábẹ́ rẹ̀. Atẹ́gùn inú rẹ̀ náà ń fẹ̀ nígbà tí ẹni bá ń gòkè, nítorí náà kó máa tú u sílẹ̀ ní èjìká. Bó bá jẹ́ kó sá lọ sí ẹsẹ̀, ẹsẹ̀ á ṣíwájú orí jáde.

Ìbéèrè: Mo ya fọ́tò ẹja nínú ọ̀sà, tótòtó funfun nìkan ni mo rí.

Ẹrẹ̀ ni. Lásìkò òjò pàápàá, odò Ògùn ń kó o wọ ọ̀sà. Bí fílàáṣì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ́ńsì, ìmọ́lẹ̀ á kọlu horo ẹrẹ̀ kọ̀ọ̀kan, á sì ta padà sójú kámẹ́rà. Ẹ gbé fílàáṣì síta bíi gígùn apá kan, kí ó kọjú síta díẹ̀, kí etí ìmọ́lẹ̀ nìkan kan ẹja. Kí ẹ sì sún mọ́ ọn, ó pẹ́ jù 30 sẹ̀ǹtímítà; ẹ má fa súùmù. Ẹ rántí pé lábẹ́ omi, ohun tó wà ní 40 máa ń dà bíi pé 30 ló wà. Àwọ̀ pupa ló kọ́kọ́ ń pòórá, nítorí náà láìsí fílàáṣì, eérú ni gbogbo rẹ̀ á jọ.

Ohun tó sábà ń ba kámẹ́rà jẹ́ ni ròbà róbótó tó wà ní ẹnu àpótí rẹ̀. Irun orí kan péré ti tó láti jẹ́ kí omi wọlé. Ẹ fi ìka yọ ròbà náà, ẹ nù ún, ẹ nu ihò rẹ̀, kí ẹ fi gíríìsì sílíkónì pa á títí yóò fi máa dán. Kó má ṣe rin, nítorí iyanrìn á lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ kọ́kọ́ rì àpótí òfìfo sínú báásíìnì omi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí ẹ tó fi kámẹ́rà sí i. Ẹ pa á dé nínú yàrá tó gbẹ, torí ọ̀rinrin Ìkòròdú tẹ́ ẹ bá tì mọ́ inú rẹ̀ á di ìrì lójú lẹ́ńsì.

Bí ẹ bá jáde, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi mímọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ máa tẹ bọ́tìnì rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ṣe pàtàkì lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn tí omi òkun ń gbé iyọ̀ wọ ọ̀sà. Ẹ nu irun àti ọwọ́ yín gbẹ kí ẹ tó ṣí i.