Kí ni ẹ̀ṣẹ̀ Chris Jones?

Ìbéèrè: Mo rí fídíò ìdíje bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà láàárín Kansas City Chiefs àti Las Vegas Raiders ti ọjọ́ 10 oṣù kẹwàá ọdún 2022. Chris Jones ti Chiefs já bọ́ọ̀lù gbà mọ́ Derek Carr, ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù fún Raiders, lọ́wọ́, àwọn méjèèjì ṣubú, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ Jones kedere. Ni réfírì bá ju aṣọ yẹ́lò sílẹ̀, ó ní Jones ló jẹ̀bi. Ẹ̀bi kí ni?

Ìdáhùn: Ẹ̀bi pé ó wúwo. Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Nínú bọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà, ẹyinjú ẹgbẹ́ ni ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ń pè ní quarterback. Bó bá ti dúró láti jù ú, ẹni tó bá dá a kò gbọdọ̀ fi gbogbo ara já lé e lórí. Ìyà rẹ̀ ni pé wọ́n á sún ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ síwájú ní yáàdì 15, bọ́ọ̀lù á sì tún padà sọ́wọ́ ẹgbẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀. Jones ju 130 kílò lọ. Ẹ rọra tún fídíò yẹn wò: bí ọwọ́ kan ṣe di bọ́ọ̀lù mú ni èkejì ń wá ilẹ̀ tó máa tì. Carl Cheffers tó jẹ́ réfírì ní gbogbo ìwúwo rẹ̀ ló gbé lé Carr. Lójú tèmi, ó ka òfin bó ṣe wà; òfin yẹn gan-an ni ẹni tó ti ń já bọ̀ kò lè rí pa mọ́. Chiefs ṣáà borí, 30 sí 29.

Ìbéèrè: Ṣé kì í ṣe torí Tua Tagovailoa, quarterback Miami Dolphins tó fi orí ṣèṣe lọ́dún yẹn, ni ojú réfírì fi le bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Ó jọ ọ́. Ọjọ́ 29 oṣù kẹsàn-án ni wọ́n dá Tua ní Cincinnati, tí orí rẹ̀ gbá ilẹ̀, tí ìka ọwọ́ rẹ̀ le gan-an, tí wọ́n gbé e jáde. Ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá, Grady Jarrett ti Atlanta Falcons gbá Tom Brady, quarterback Tampa Bay Buccaneers, mú níbàdí, ó yí i, ó dá a sórí koríko. Nínú ìjàkadì tiwa, wọn ì bá lùlù fún un. Aṣọ yẹ́lò ni réfírì Jerome Boger jù. Ìyẹn ni mi ò rí ẹ̀bi kankan nínú rẹ̀. Àmọ́ òfin ìwúwo ti wà ṣáájú Tua: ọdún 2017 ni Anthony Barr ti Minnesota Vikings já lé Aaron Rodgers, quarterback Green Bay Packers, eegun èjìká Rodgers ṣẹ́, wọ́n sì ní kí àwọn réfírì ṣọ́ ọ gidi lọ́dún 2018.

Ìbéèrè: Wọn ò lè yẹ fídíò wò ni?

Ìdáhùn: Lọ́dún yẹn, rárá. Irú ẹ̀sùn yìí kò sí lára ohun tí kóòṣì lè ní kí wọ́n tún wò.

Ìbéèrè: Báwo wá ni kí Jones ṣe ṣubú?

Ìdáhùn: Wọ́n ní kó yí ara sẹ́gbẹ̀ẹ́. William Hayes ti Miami Dolphins gbìyànjú ẹ̀ lóṣù kẹsàn-án ọdún 2018, ó fẹ́ yẹra kó má baà tẹ quarterback mọ́lẹ̀. Iṣan orúnkún Hayes já, ìdíje ọdún yẹn sì parí fún un. Quarterback tó ń yẹra fún ni Derek Carr.