Ta ló ni títì? Bí káńsù ṣe ń wówó tún ọ̀nà tí òjò bàjẹ́

Òjò ọjọ́ Ẹtì kan lóṣù kẹwàá bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, kò sì dá títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tí ilẹ̀ fi mọ́, kọ́fáàtì, ìyẹn ihò tí omi ń gbà kọjá lábẹ́ títì, tó wà nísàlẹ̀ àdúgbò wa, ní ẹ̀yìn Àkúrẹ́ níbí, ti là sí méjì. Ọ̀kadà lè kọjá bí ẹni tó gbé bá sọ̀ kalẹ̀. Mọ́tò ò lè kọjá rárá. Ìyá ẹlẹ́kọ dúró létí kòtò náà, agbọ̀n lórí, ó ń fi ẹsẹ̀ kan tẹ etí ọ̀dà wò bóyá yóò gbà á.

Ní ìpàdé àwọn onílé lọ́jọ́ Àìkú, ohun kan ṣoṣo ni gbogbo ẹnu ń sọ: ẹ jẹ́ ká lọ bá alága káńsù. Bàbá kan wà láàárín wa tí à ń pè ní Bàbá Wọ́ọ̀kìsì, torí ẹ̀ka tó ń tún títì ṣe ni wọ́n ti fẹ̀yìn tì. Wọ́n nawọ́ sókè, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ni títì yẹn?" A bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a máa wo ara wa, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Ìbéèrè bàbá yìí ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ojú wa rí gbogbo títì bákan náà, òfin ò rí wọn bákan náà. Ti ìjọba àpapọ̀ wà, ti ìpínlẹ̀ wà, ti ìjọba ìbílẹ̀ wà. Títì tó ti Iléṣà wá, tó gba Àkúrẹ́ kọjá lọ sí Ọ̀wọ̀, Àbújá ló ni ín. Èyí tó lọ sí Adó-Èkìtì náà, ti Àbújá ni. Bí àgbàrá bá gé ọ̀kan nínú wọn, FERMA ni ọ̀rọ̀ kàn, ìyẹn àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 2002 láti máa tọ́jú ọ̀nà ìjọba àpapọ̀. Alága káńsù lè débẹ̀ kó ya fọ́tò, kó sì kẹ́dùn pẹ̀lú ará ìlú, ṣùgbọ́n òfin ò gbé e lé e lọ́wọ́. Ọ̀pọ̀ títì tó so ìlú kan mọ́ ìkejì nínú ìpínlẹ̀ Oǹdó, ọwọ́ ìjọba ìpínlẹ̀ ni wọ́n wà. Ohun tó bá ṣẹ́ kù, ọ̀nà àdúgbò, ọ̀nà ọjà abúlé, ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kó kòkó jáde ní agbègbè Ìdànrè, káńsù ló ni wọ́n.

"Ohun tó ṣẹ́ kù" yìí kì í ṣe kékeré o. Iye tí wọ́n sábà máa ń kà fún ọ̀nà Nàìjíríà jẹ́ nǹkan bí 195,000 kìlómítà, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ ló sì wà lọ́rùn àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 774. Àfikún Kẹrin nínú Ìwé Òfin ọdún 1999 ló ka ṣíṣe ọ̀nà, títọ́jú rẹ̀, gọ́tà àti iná ojú títì mọ́ iṣẹ́ wọn. Ìjọba tí àpò rẹ̀ fúyẹ́ jù lọ ni wọ́n gbé ọ̀nà tó gùn jù lọ fún.

Ká tó dé orí owó, ó yẹ ká mọ ohun tó ṣe títì náà gan-an, torí ibẹ̀ ni iye owó ti ń wá. Ọ̀pọ̀ wa rò pé òjò máa ń fọ ọ̀dà kúrò láti òkè. Abẹ́ ló ti máa ń ṣẹlẹ̀. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà, ẹ̀ka igi, táyà tó ti kú, wọ́n á dí ẹnu kọ́fáàtì. Omi tí ò ríbi gbà á máa ga lẹ́yìn títì bí ìgbà tí èèyàn sé odò, títí yóò fi gun orí ọ̀dà, yóò sì já bọ́ sí òdì kejì. Ibi tó ń já bọ́ sí yẹn ni ikú títì. Á máa gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jáde díẹ̀díẹ̀, á máa padà sẹ́yìn lábẹ́ títì, títí yẹ̀pẹ̀ tó gbé ọ̀dà ró yóò fi rọ̀ bí àkàmù. Ọ̀dà ṣì lè wà lókè, kó dán, kó má ní àpá kankan. Típà tó kó yanrìn bá gorí rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó tán. Àwọn àgbà ní àgbàrá òjò ò lóun ò nílé wó, onílé ni ò ní gbà fún un. Ní ti títì, onílé ni ẹni tó yẹ kó kó ọ̀rá kúrò lẹ́nu kọ́fáàtì kí òjò tó dé.

Bàbá Wọ́ọ̀kìsì fi tépù wọn kọ́fáàtì wa tó fọ́. Rínǹgì, ìyẹn páìpù kọnkéré, tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó 600 mìlímítà ni wọ́n rì síbẹ̀ nígbà tí ilé ò tíì ju mẹ́wàá lọ lórí òkè. Ní báyìí, òkè yẹn ti kún fún ilé àti kọnkéré, omi tí ilẹ̀ ń mu tẹ́lẹ̀, títì ló ń sáré sí. Wọ́n ní 900 ló yẹ ibẹ̀. Ẹnìkan ní ṣé tìtorí 300 mìlímítà la ṣe ń pariwo. Bàbá ṣírò rẹ̀ fún wa: àyè tí omi ń gbà nínú rínǹgì 900 ju ìlọ́po méjì ti 600 lọ. Bí wọ́n bá tún rì 600 síbẹ̀, ẹ̀kan náà la máa tún padà ṣe ìpàdé.

Ó wá kan owó. Èyí tó pọ̀ jù nínú owó káńsù, Àbújá ló ti ń wá lóṣooṣù. Nínú àpò àpapọ̀, ìjọba àpapọ̀ ń mú ìdá 52.68 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn ìpínlẹ̀ ń pín 26.72, gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ lápapọ̀ ń pín 20.60. Wọ́n tún ń rí ìdá 35 nínú owó orí ọjà, èyí tí à ń pè ní VAT. Tiwa ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìjọba ìbílẹ̀ 18 ló ń retí nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó yìí kì í dé ọwọ́ alága tààrà. Abala 162 nínú Ìwé Òfin ní kó gba inú àpò àjùmọ̀ní kan kọjá, èyí tí ìpínlẹ̀ àti àwọn ìjọba ìbílẹ̀ rẹ̀ jọ ní. Inú àpò yẹn ni wọ́n ti ń kọ́kọ́ yọ owó oṣù àwọn olùkọ́ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, owó ìfẹ̀yìntì àti ẹ̀tọ́ àwọn ọba. Owó oṣù àwọn òṣìṣẹ́ káńsù fúnra wọn tún ń dúró. Ohun tó bá kù lẹ́yìn gbogbo ìyẹn ni títì máa rí jẹ. Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ bá wọn tààrà. Inú mi dùn sí ìdájọ́ náà, ṣùgbọ́n owó oṣù olùkọ́ àti owó ìfẹ̀yìntì ò tìtorí rẹ̀ parẹ́. Ẹnì kan ṣáà máa san án.

Owó tí káńsù ń pa fúnra rẹ̀, lọ́jà, ní gáréèjì, lórí ilé, kéré. Ó lè ra típà yẹ̀pẹ̀ díẹ̀, kò lè ṣe títì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ń lọ́ mọ́ àwọn èèyàn lọ́wọ́ ni ètò ìṣúná. Bí owó bá tilẹ̀ wà ní báǹkì, alága ò kàn lè fà á yọ. Náírà kọ̀ọ̀kan ní orí tí wọ́n ti kọ ọ́ sí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: ti títì, ti ìlera, ti ọkọ̀ alága. Káńsù tó bá ní làákàyè á ti fi díẹ̀ sábẹ́ orí pàjáwìrì, fún ohun tí kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ṣáájú. Bí èyí bá tán, wọ́n lè yí owó láti orí kan sí òmíràn, àmọ́ àwọn káńsẹ́lọ̀ gbọ́dọ̀ jókòó fọwọ́ sí i. Ó dà bí ìyá tó so owó aṣọ ọdún sí etí ìró kan, tó so owó ilé ìwé sí ìkejì. Ó lè tú ọ̀kan fi gbọ́ bùkátà èkejì, ṣùgbọ́n ó máa ṣàlàyé fún bàbá wọn.

Bí òjò bá ti ṣe ọṣẹ́, kì í pẹ́ tí ẹnì kan yóò fi dárúkọ NEMA. NEMA, àjọ pàjáwìrì ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1999, àti SEMA tó jẹ́ ti ìpínlẹ̀, èèyàn ni wọ́n ń ṣàánú: mátírẹ́ẹ̀sì, ìrẹsì, páànù. Wọn kì í ṣe títì. Ẹlòmíì á ní kí á kọ̀wé sí àpò owó àyíká ní Àbújá, ìyẹn Ecological Fund, tó ti wà láti ọdún 1981. Òótọ́ ni pé ọ̀gbàrá àti omíyalé wà lára ohun tí wọ́n dá a sílẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n ìwé á lọ, àwọn tó máa yẹ ibẹ̀ wò á wá, ìwé á tún lọ. Ibi tí ọ̀gbun ti fẹ́ gbé odidi àdúgbò mì nìyẹn yẹ, kì í ṣe kọ́fáàtì kan. RAAMP náà wà, ètò ọ̀nà oko tí Báńkì Àgbáyé àti àjọ ìdàgbàsókè ilẹ̀ Faransé ń náwó sí, Oǹdó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó kópa. Iṣẹ́ tó dára ni, àmọ́ ọ̀nà tí wọ́n ti yàn sílẹ̀ ni wọ́n ń ṣe. Òjò alẹ́ àná ò sí nínú ìwé wọn.

Ká wá sọ pé owó wà, ó tó tún ọ̀nà mẹ́ta, ogún ló bàjẹ́. Èwo ni ká kọ́kọ́ ṣe?

Onímọ̀ ẹ̀rọ káńsù, bí wọ́n bá jẹ́ kó ṣiṣẹ́ rẹ̀, kì í béèrè títì tó burẹ́wà jù. Ó ń béèrè bóyá ẹnikẹ́ni wà tí kò ní ọ̀nà àbájáde mọ́. Abúlé tí afárá kan ṣoṣo rẹ̀ wó ń ṣáájú àdúgbò tí èèyàn lè yí gba ẹ̀yìn ilé ìjọsìn kọjá. Ó ń wo ohun tó wà lórí ọ̀nà náà: ilé ìwòsàn, ilé ìwé, ọjà. Ó ń wò ó bóyá òjò tó ń bọ̀ yóò sọ kòtò di ọ̀gbun, torí ohun tí rínǹgì díẹ̀ lè wò lónìí, afárá ló lè gbà lọ́dún tó ń bọ̀. Ó sì ń wo àsìkò. Lóṣù kẹwàá, kòkó wà lórí igi. Ọ̀nà ẹrẹ̀ tó lọ sí oko kòkó kan lè ṣáájú títì ọlọ́dà tí àwa tó ń gbé nílé alájà ń pariwo lé lórí. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí títì tèmi náà wà nínú ogún yẹn, ṣùgbọ́n bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn.

Bó ṣe sábà ń rí ni pé káńsẹ́lọ̀ kọ̀ọ̀kan fẹ́ mú nǹkan padà sí wọ́ọ̀dù rẹ̀. Wọ́n á wá pín in dọ́gba: típà yẹ̀pẹ̀ pupa méjì fún wọ́ọ̀dù yìí, méjì fún tọ̀hún. Gbogbo ènìyàn rí gbà, kò sí ọ̀nà kan tó tún ṣe, òjò kejì á sì kó yẹ̀pẹ̀ gbogbo wọn lọ sínú odò Àlà. Àwọn kan ń bẹ̀rù pé alága yóò ṣe ojúsàájú fún wọ́ọ̀dù tirẹ̀. Èmi ń bẹ̀rù pínpín dọ́gba yìí jù ú lọ. Ọ̀nà kan tí wọ́n fi ojúsàájú ṣe délẹ̀, ó kéré tán, mọ́tò á gbà á kọjá.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í ṣàlàyé fún ará ìlú. Àtúnṣe méjì ni títì tí òjò bàjẹ́ ń gbà. Àkọ́kọ́ ni ti pàjáwìrì: òkúta ńlá, àpò yanrìn, yẹ̀pẹ̀ pupa, kí ọkọ̀ lè kọjá. Ìkejì ni àtúnṣe gidi, tó ń dúró de ọ̀gbẹlẹ̀. Yẹ̀pẹ̀ tó mu omi jù kò ṣe é kì mọ́lẹ̀ kó le, ọ̀dà kì í sì í fẹ́ ilẹ̀ tútù. Nítorí náà, láti oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta ni àsìkò iṣẹ́. Ẹ wá wo kàlẹ́ńdà yẹn dáadáa. Ọdún ìṣúná ń parí ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá, àárín ọ̀gbẹlẹ̀ gan-an. Owó ọdún yìí ti ń gbẹ nígbà tí ilẹ̀ ń gbẹ. Tọdún tuntun, kí wọ́n tó fọwọ́ sí i, kí owó tó wọlé, kí wọ́n tó gbé iṣẹ́ jáde, ìjì àkọ́rọ̀ oṣù kẹta ti ń ká páànù. Bí àtúnṣe pàjáwìrì ṣe ń di àtúnṣe kan ṣoṣo tí títì rí nìyẹn, kò nílò kí ẹnikẹ́ni jalè rárá. Káńsù tó bá fẹ́ bọ́ nínú rẹ̀ ní láti kọ àwọn kọ́fáàtì rẹ̀ sílẹ̀ lóṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi díẹ̀, kó mọ iye rínǹgì tó nílò, kó sì ti wà nínú ìwé kí ọdún tó yí. Iṣẹ́ tí kò ní ìlù àti ijó ni. Mi ò tíì rí ibi tí wọ́n ti gé ríbọ́ọ̀nù nítorí gọ́tà tí wọ́n kó.

Títì wa, ti káńsù ni. Bàbá Wọ́ọ̀kìsì ló kọ lẹ́tà náà, ojú ewé kan péré. Kò sí "a fi tìrẹ̀lẹ̀-tìrẹ̀lẹ̀ bẹ̀bẹ̀" nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ibi tí kọ́fáàtì wà, ìwọ̀n èyí tó fọ́, ìwọ̀n tí omi ń fẹ́, ilé ìwé àti ilé ìwòsàn tó wà ní òdì kejì, wọ́n sì béèrè lábẹ́ orí ìnáwó wo ni wọ́n máa fi iṣẹ́ náà sí, pàjáwìrì ni àbí ti ọdún tó ń bọ̀. Ẹ̀dà kan lọ sọ́dọ̀ káńsẹ́lọ̀, a sì gba òǹtẹ̀ lórí tiwa.

Òkúta àti àpò yanrìn dé ní ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyá ẹlẹ́kọ ló kọ́kọ́ gorí rẹ̀ kọjá. Rínǹgì dé lẹ́yìn ọdún tuntun, ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí ọyẹ́ mú. Wọ́n já wọn sílẹ̀ létí ọ̀nà, típà bá tirẹ̀ lọ. Bàbá jáde wá pẹ̀lú tépù wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na tépù láti etí kan dé ìkejì, wọ́n tún lọ wọn ẹlẹ́ẹ̀kejì, torí wọn ò fọkàn tán àkọ́kọ́.

"900 ni," wọ́n ní, wọ́n ká tépù, wọ́n wọlé lọ jẹun.