Bí Wọ́n Ṣe Ń Dìbò fún Àga Sẹ́nétọ̀ Tó Ṣófo: Àpẹẹrẹ Massachusetts

Sẹ́nétọ̀ méjì ni ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, gbogbo olùdìbò ìpínlẹ̀ náà pátá ni ó sì ń dìbò yan ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Èyí yàtọ̀ sí ti Nàìjíríà, níbi tí a ti pín ìpínlẹ̀ sí ẹkùn mẹ́ta, tí olùdìbò Ìlà-Oòrùn Èkó kò sì lè dá sí ẹni tí yóò ṣojú Ìwọ̀-Oòrùn Èkó. Ọdún mẹ́fà ni sáà sẹ́nétọ̀ ní Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ikú ò dájọ́, àrùn ò dóṣù, ẹlòmíràn a sì máa kọ̀wé fipò sílẹ̀ kí sáà rẹ̀ tó pé. Bí àga bá ṣófo báyìí, ta ni ó lẹ́tọ̀ọ́ láti fi ẹlòmíràn síbẹ̀?

Ṣáájú ọdún 1913, àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ni wọ́n ń yan sẹ́nétọ̀, kì í ṣe aráàlú. Àtúnṣe kẹtàdínlógún sí ìwé òfin Amẹ́ríkà, tí ó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lọ́dún náà, ni ó gbé agbára yìí lé àwọn olùdìbò lọ́wọ́. Ó ní kí gómìnà pàṣẹ ìdìbò tí àga bá ṣófo, ó sì fi kún un pé ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ lè gba gómìnà láyè láti yan ẹnì kan tí yóò fìdí hẹ títí ìdìbò yóò fi wáyé. Nítorí pé "lè" ni òfin sọ, tí kò sọ pé "gbọ́dọ̀", ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń ṣe é bí ó ṣe wù ú. Ní Wyoming, inú orúkọ mẹ́ta tí ẹgbẹ́ òṣèlú ẹni tó kúrò bá fi ṣọwọ́ ni gómìnà ti ń mú ọ̀kan.

Ní Massachusetts, àga kan wà tí ó fi gbogbo èyí hàn kedere. Nígbà tí John F. Kennedy di ààrẹ lẹ́yìn ìdìbò ọdún 1960, ó fi àga rẹ̀ sílẹ̀, gómìnà sì yan Benjamin Smith, ọ̀rẹ́ Kennedy láti ilé ẹ̀kọ́ gíga, láti jókòó síbẹ̀ fúngbà díẹ̀. Edward, àbúrò ààrẹ, kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tí òfin bèèrè lọ́wọ́ sẹ́nétọ̀. Ó pé e ní 1962, ó díje, ó wọlé, kò sì kúrò níbẹ̀ títí tí ó fi jáde láyé ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2009.

Kí ó tó kú, òfin ti yí padà. Ní 2004, John Kerry, tí í ṣe sẹ́nétọ̀ kejì láti ìpínlẹ̀ náà, ń díje fún ipò ààrẹ, bẹ́ẹ̀ Mitt Romney ti ẹgbẹ́ Republican ni gómìnà. Àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀, tí ọmọ ẹgbẹ́ Democrat pọ̀ jù nínú wọn, kò fẹ́ kí Romney fi ẹni tirẹ̀ rọ́pò Kerry bí Kerry bá wọlé. Wọ́n gba agbára ìyànsípò lọ́wọ́ gómìnà, nígbà tí Romney sì kọ̀ láti fọwọ́ sí i, wọ́n tún un dì níbò, wọ́n sì borí rẹ̀. Òfin tuntun náà ní kí ìdìbò wáyé láàárín ọjọ́ 145 sí 160 lẹ́yìn tí àga bá ṣófo. Nígbà tó fi máa di 2009, Deval Patrick ti ẹgbẹ́ Democrat ti di gómìnà. Edward Kennedy, tí jẹjẹrẹ inú ọpọlọ ń bá jà, kọ lẹ́tà sí àwọn aṣáájú ìpínlẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí gómìnà lè yan adelé. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, Patrick sì yan Paul Kirk ní oṣù kẹsàn-án. Òótọ́ ni pé kò yẹ kí ìpínlẹ̀ wà láìní sẹ́nétọ̀ kejì fún oṣù márùn-ún. Síbẹ̀, ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ gómìnà ẹgbẹ́ kan ni wọ́n dá padà fún gómìnà ẹgbẹ́ kejì, irú òfin bẹ́ẹ̀ kò sì ṣe aráàlú lóore, ẹgbẹ́ yòówù kí ó jàǹfààní rẹ̀.

Adelé kò dí ìdìbò lọ́wọ́. Ẹni tó bá fẹ́ díje gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìbuwọ́lù 10,000 olùdìbò. Àwọn alátìlẹ́yìn rẹ̀ á dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìtajà tàbí ibùdó ọkọ̀ ojú irin, tàwọn ti kálámù lọ́wọ́, wọ́n á máa bẹ àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n kọ orúkọ àti àdírẹ́sì wọn bí ó ṣe wà nínú ìwé ìforúkọsílẹ̀. Ọ́fíìsì ìlú ni wọ́n ti ń yẹ orúkọ wọ̀nyí wò lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí tí wọn kò bá sì bá nínú ìwé, wọn kò ní í kà á. Ìdí nìyẹn tí olùdíje tó gbọ́n kì í fi dúró lórí 10,000 géérégé.

Ìdìbò abẹ́lé ló tẹ̀ lé e, ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá. Martha Coakley, agbẹjọ́rò àgbà ìpínlẹ̀ náà, borí àwọn mẹ́ta mìíràn nínú ẹgbẹ́ Democrat. Scott Brown, aṣòfin ìpínlẹ̀, sì gba tíkẹ́ẹ̀tì Republican. Ó ju ìdajì àwọn olùdìbò Massachusetts lọ tí kò forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ ẹgbẹ́ kankan, òfin sì gbà wọ́n láyè láti dìbò nínú ìdìbò abẹ́lé ẹgbẹ́ tó bá wù wọ́n. Ẹni tó bá ka ìpínlẹ̀ náà sí ti Democrat tán, àwọn wọ̀nyí ni kò kà mọ́ ọn.

Ìdìbò gan-an wáyé ní ọjọ́ 19 oṣù kìíní ọdún 2010, nínú òtútù, ní ìlú 351 tó wà ní ìpínlẹ̀ náà. Ní ibùdó ìdìbò nígbà náà, olùdìbò á sọ àdírẹ́sì àti orúkọ rẹ̀, òṣìṣẹ́ á sàmì sí i nínú ìwé kí ó tó fún un ní ìwé ìbò. Bí ó bá ti dìbò tán, á tún kọjá níwájú tábìlì kejì, wọ́n á tún sàmì sí orúkọ rẹ̀, kí ìwé ìbò tó wọ àpótí. Lálẹ́, wọ́n á fi iye orúkọ tí wọ́n sàmì sí wé iye ìbò tó wà nínú àpótí.

Brown ní ìbò 1,168,178, Coakley ní 1,060,861. Ẹni tí ìbò rẹ̀ bá pọ̀ jù ni ó wọlé ní Massachusetts, kò pọn dandan kí ó ju ìdajì lọ. Ní Georgia, dandan ni. Ìdí nìyẹn tí Raphael Warnock àti Kelly Loeffler, tí wọ́n ń díje fún àga sẹ́nétọ̀ níbẹ̀, fi tún pàdé nínú àtúndì ìbò ní ọjọ́ 5 oṣù kìíní ọdún 2021, lẹ́yìn tí kò sí ẹni tó kọjá ìdajì nínú ogún olùdíje.

Èsì tí a kéde lálẹ́ kò tíì sọ ènìyàn di sẹ́nétọ̀. Àwọn ìlú á kọ́kọ́ fi èsì wọn ránṣẹ́ sí akọ̀wé ìpínlẹ̀, gómìnà á sì buwọ́ lu ìwé ẹ̀rí. Kirk ló wà lórí àga ní gbogbo àsìkò yìí, títí di ọjọ́ 4 oṣù kejì tí Brown búra. Ọjọ́ yẹn ni ìbò àwọn Democrat kò pé 60 mọ́, iye tí ilé àwọn sẹ́nétọ̀ fi ń fòpin sí àríyànjiyàn lórí àbá òfin. Ìyókù sáà Kennedy ni Brown sì lò, kì í ṣe ọdún mẹ́fà tuntun, nítorí náà ó ní láti padà wá síwájú àwọn olùdìbò ní oṣù kọkànlá ọdún 2012, Elizabeth Warren sì gba àga náà lọ́wọ́ rẹ̀.